Iná kì í lé mẹ́kúrì kúrò nínú ẹja

"Ẹ ṣáà sè é jinná, ẹ da omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́ nù, mẹ́kúrì inú rẹ̀ á ti lọ." Bí ọ̀rọ̀ ẹja àti aboyún bá ti jáde, ẹnìkan á sọ ọ́, ẹni mẹ́ta á sì gbè é lẹ́sẹ̀. Pé mẹ́kúrì ń ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́, Minamata, ìlú kan ní Japan tí mẹ́kúrì ilé iṣẹ́ ti ba ẹja inú òkun rẹ̀ jẹ́, ti parí àríyànjiyàn ìyẹn: àwọn ìyá tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàìsàn bí ọmọ tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ iná yìí ni kò tán.

Mẹ́kúrì tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti inú tẹmómítà àtijọ́, irin olómi tó lè di oru. Ti inú ẹja kọ́ nìyẹn. Bakitéríà inú ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ omi ló ń sọ ọ́ di mẹ́tíìlì mẹ́kúrì, tó bá sì dénú ẹja, á so mọ́ imí ọjọ́ tó wà nínú purotéènì ẹran ara rẹ̀ típẹ́típẹ́. Ooru ìkòkò kò tó o já. Ẹni tó bó awọ, tó gé orí, tó yọ ìfun, ìmọ́tótó ló ṣe. Lóòótọ́, wọ́n máa ń ní ká bó awọ ẹja, ká gé ọ̀rá rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n tìtorí PCB ni, kẹ́míkà olóró ilé iṣẹ́ tó ń fara pamọ́ sínú ọ̀rá. Àwọn kan gbọ́ tibẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mẹ́kúrì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹja tútù 200 gíráàmù ní 100 máíkírógíráàmù mẹ́kúrì. Ẹ dín in, omi ara rẹ̀ gbẹ, ó ku 150 gíráàmù. Mẹ́kúrì ṣì jẹ́ 100. Gíráàmù kan tó ní 0.5 tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní 0.7 báyìí. Ṣé iná lé e lọ ni, àbí ó kó o jọ?

Irú ẹja tí ẹ rà ló ṣe pàtàkì. Ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja mìíràn, tó sì pẹ́ láyé, ló ń kó o jọ: ṣáàkì, swordfish, marlin, king mackerel. Nínú àkọsílẹ̀ FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn ní Amẹ́ríkà, swordfish ní nǹkan bíi máíkírógíráàmù 1 nínú gíráàmù kan. Sàdíìnì ní 0.013. Ìmọ̀ràn wọn fún aboyún ni 225 sí 340 gíráàmù lọ́sẹ̀, látinú àwọn tí mẹ́kúrì wọn kéré.

Ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀ gan-an kò ṣeé fi ìlà pààlà. Ní erékùṣù Faroe, níbi tí àwọn ìyá ti ń jẹ ẹran àbùùbùtán, wọ́n rí àléébù díẹ̀ nínú èdè, ìrántí àti ìfọkànsí àwọn ọmọ. Ní Seychelles, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja gan-an lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ìdánwò kò rí i. Ó ṣeé ṣe kí DHA, ọ̀rá inú ẹja tó ń ṣe ọpọlọ láǹfààní, máa dín ìpalára náà kù. Ó sì lè jẹ́ PCB inú àbùùbùtán ló dá kún ti Faroe. Nítorí náà, kí aboyún má fi ìbẹ̀rù pa ẹja tì pátápátá.

Àwọn tó ń ta òògùn "afọ-mẹ́kúrì" ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ara fúnra rẹ̀ ló ń lé mẹ́kúrì jáde díẹ̀díẹ̀: nǹkan bí 50 ọjọ́ ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ sì sábà máa ń ní i ju ti ìyá lọ. Ẹni tó bá ń gbèrò oyún, oṣù mélòó kan ṣáájú ni kó ti pààrọ̀ irú ẹja tó ń jẹ.