Ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ni Boko Haram wà?

Nígbàkúùgbà tí ìròyìn bá gbé e pé àwọn ṣọ́jà ti kó obìnrin jáde láti inú igbó Sambisa ní Borno, níbi tí Boko Haram ń kó àwọn tí wọ́n jí gbé pamọ́ sí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́. Mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn, lẹ́nu àwọn tí mo mọ̀ pé aláàánú ni wọ́n. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ yín o. Wọ́n ti di ìyàwó Boko Haram. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn yẹn, ẹ̀jẹ̀ bàbá ẹ̀ ló wà lára ẹ̀." Inú máa ń bí mi, pàápàá torí pé àwọn ará Borno tí ìyà yìí jẹ jù náà ń sọ ọ́ sí ọmọ tiwọn.

N kò ní pẹ́ lórí bóyá tipátipá ni wọ́n fi kó wọn lọ. Ẹni tó bá rántí òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 ní Chibok, tí wọ́n kó ọmọbìnrin 276 nílé ẹ̀kọ́, tàbí 110 tí wọ́n kó ní Dapchi ní oṣù kejì ọdún 2018, mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó ọ̀pọ̀ mìíràn láti abúlé tí orúkọ wọn kò dé etí wa rárá.

Ní ọdún 2016, àjọ UNICEF tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé àti International Alert, ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún àlàáfíà, lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn ará Borno lẹ́nu wò lórí àwọn obìnrin tó padà wálé yìí. Orúkọ tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn ènìyàn nìyí: ìyàwó Boko Haram, obìnrin Sambisa, ẹ̀jẹ̀ Boko Haram, àti annoba, èyí tí àwọn Hausa fi ń pe àjàkálẹ̀ àrùn. Àwọn kan fi àwọn ọmọ náà wé ìkookò láàárín ajá. Ọmọ tí kò tíì hu eyín ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Àwọn ọkọ kan ṣetán láti gba ìyàwó wọn padà, bí kò bá ṣáà ti gbé ọmọ inú igbó wọlé.

A ní òwe tó sọ pé ohun tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni í jọ, mo sì rò pé òwe yìí ló ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú àwa náà. Òótọ́ ni pé ọmọ lè jogún ojú, àwọ̀ àti gíga. Ó lè jogún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n ìwàásù kò sí nínú ohun tí à ń jogún. Ẹ wo bí Boko Haram ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Mohammed Yusuf, ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ń wàásù ní Maiduguri ní nǹkan bí ọdún 2002, kò sí ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Boko Haram, torí pé ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ ni. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ọlọ́jà ló lọ jókòó síwájú rẹ̀. Nígbà tí Yusuf kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá ní oṣù keje ọdún 2009, àwọn tó tẹ̀lé e ti pọ̀ dé ibi tí wọ́n lè bá ìjọba jà. Bí ẹ̀jẹ̀ bàbá rere kò bá dá àwọn yẹn dúró kí wọ́n má di apànìyàn, kí ló mú wa gbà pé ẹ̀jẹ̀ bàbá burúkú ni yóò sọ ọmọ ọwọ́ di apànìyàn? Mo ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìbéèrè yìí. N kò tíì rí ẹni tó dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ni wọ́n máa ń fà yọ.

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù yìí ló le jù, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Láti oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí obìnrin kan gbé bọ́ǹbù lọ sí bárékè àwọn ọmọ ogun ní Gombe, ni Boko Haram ti ń fi obìnrin ṣe irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ ọdún 2017, UNICEF ní ọmọdé 83 ni wọ́n ti lò bẹ́ẹ̀ ní ọdún yẹn nìkan, 55 nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin. Ní ìgbà kan, wọ́n so ìkókó mọ́ ara ọmọbìnrin tó gbé bọ́ǹbù náà. Ìyá tó gbọ́ èyí tó sì ń bẹ̀rù àlejò tó pọnmọ, n kò lè bá a wí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Dikwa ní Borno. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2016, ọmọbìnrin mẹ́ta wọ àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé níbẹ̀, bí ẹni pé àwọn náà ń sá fógun. Méjì jẹ́ kí bọ́ǹbù ara wọn bú gbàmù, wọ́n sì pa ènìyàn tó lé ní 50. Ìtàn yìí ni wọ́n máa ń sọ fún mi, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n sì máa ń gé e sí. Ẹnìkẹta ńkọ́? Ó rí i pé àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wà nínú àgọ́ náà, ó sì kọ̀, kò jẹ́ kí tirẹ̀ bú. Inú igbó kan náà ni òun náà ti wá, àwọn kan náà ló rán an, bọ́ǹbù wà lára rẹ̀. Ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ tó rí ló dá a dúró. Òun nìkan kọ́ ló kọ̀, torí pé àwọn ọmọbìnrin mìíràn náà ti sọ fún àwọn oníròyìn bí wọ́n ṣe sá tọ ṣọ́jà lọ pé kí wọ́n bá àwọn tú bọ́ǹbù náà kúrò lára.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú ìyẹn ni pé kí a yẹ ènìyàn wò lẹ́nu bodè, kò burú. Àwọn ṣọ́jà ń ṣe é, ibùdó Bulumkutu wà ní Maiduguri tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin àti ọmọdé sí kí wọ́n tó padà sílé. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tó ti padà sí àgbàlá bàbá rẹ̀, bọ́ǹbù wo ni a tún ń wá lára rẹ̀ tí a fi ń yà kúrò lọ́nà fún un lẹ́nu kànga?

Àwọn mìíràn máa ń ní ẹ̀sìn ni kò gbà á. Ẹ̀sìn wo? Súrà 24, ẹsẹ 33, nínú Kùránì, sọ nípa àwọn obìnrin tí wọ́n fi ipá mú pé Ọlọ́hun jẹ́ aláforíjìn sí wọn lẹ́yìn ìfipámúni náà. Súrà 16, ẹsẹ 106, yọ ẹni tí wọ́n fipá mú sọ ọ̀rọ̀ àìgbàgbọ́ sílẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì dúró ṣinṣin. Àwọn ọmọ Kristẹni tí wọ́n ní kí wọ́n ka kálímà, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àwọn Mùsùlùmí, lábẹ́ ìbọn, kí ni kí àwa wá sọ sí wọn? Nínú Diutarónómì orí 22, ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò nínú pápá kò lẹ́ṣẹ̀ kankan, torí ó kígbe, kò sì sẹ́ni tó gbà á. Àwọn ará Ámálékì kó ìyàwó Dáfídì méjèèjì lọ láti Síkílágì. Dáfídì lépa wọn, ó sì mú Áhínóámù àti Ábígẹ́lì padà wálé, ó sì ń bá wọn gbé.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tó ti inú igbó dé ló ti bọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀. Àwọn kan wà tó fẹ́ ọkùnrin inú igbó tọkàntọkàn, àwọn kan sì ti fẹsẹ̀ ara wọn padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ìgbàgbọ́, ó lè jẹ́ ebi, ó lè jẹ́ ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n nílé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tó dá mi lójú kò ju pé kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ yín, ẹ yé fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọbìnrin tí ẹ rí lónìí pẹ̀lú ìbòrí àti ọmọ lẹ́yìn lè jẹ́ oníṣòwò lọ́dún márùn-ún sí i, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ìtàn rẹ̀, àfi bí fọ́tò yín bá débẹ̀. Bí ó bá wá sí ìjọ yín tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ẹ má pè é síwájú kó wá jẹ́rìí. Ẹ má sì bi ọmọ rẹ̀ pé ta ni bàbá rẹ̀.