Ìwo iwájú gàárì: bí àwọn kọ́bọ́ì Amẹ́ríkà ṣe kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ará Mẹ́síkò

Kí àwọn ará Sípéènì tó dé, kò sí ẹṣin, kò sí màlúù ní Mẹ́síkò. Ọdún 1519 ni Hernán Cortés, ọ̀gágun Sípéènì, gúnlẹ̀ sí etíkun ibẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin 16. Lẹ́yìn tó ṣẹ́gun àwọn Aztec, ọmọ ìbílẹ̀ tó ń jọba níbẹ̀, ní 1521, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó màlúù wọlé. Pápá tẹ́jú, koríko pọ̀, kò sì pẹ́ tí màlúù fi pọ̀ rẹpẹtẹ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ya ẹhànnà.

Ta ni yóò wá máa dà wọ́n? Ìjọba Sípéènì ti ṣòfin pé ọmọ ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ gun ẹṣin, torí ohun ìjà ni ẹṣin nígbà náà. Àmọ́ àwọn olówó ẹran ò lè fẹsẹ̀ sáré lé màlúù ẹhànnà, wọn ò sì fẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣe é. Òfin bá di ohun à-gbójú-fò. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀, àwọn àdàlù tí bàbá wọn jẹ́ ará Sípéènì, àti àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ló gorí ẹṣin. Àwọn ni wọ́n ń pè ní vaquero.

Awọ màlúù ni wọ́n fi ń hun okùn gígùn. Wọ́n á ta ojóbó sí i, wọ́n á jù ú sọ́rùn ẹran látorí ẹṣin tó ń sáré. Ṣùgbọ́n akọ màlúù lè fa èèyàn ṣubú lójú ẹsẹ̀, gàárì tí ará Sípéènì gbé wá kò sì níbi tí okùn lè dì mọ́. Ni wọ́n bá ṣe kókó kan tó yọ sókè bí ìwo síwájú gàárì. Bí okùn bá ti mú ẹran, wọ́n á yára wé e mọ́ ìwo náà, kí ẹṣin fi gbogbo ara rẹ̀ dá màlúù dúró. Àtàǹpàkò ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló bá a lọ, torí ìka tó bá há sáàárín okùn àti ìwo, gígé ni. Lójú tèmi, láìsí ìwo yìí, kò sí kọ́bọ́ì, darandaran Amẹ́ríkà tó ń fẹṣin da màlúù.

Iṣẹ́ náà bá màlúù rìn lọ sí àríwá. Juan de Oñate, tó lọ tẹ̀dó fún Sípéènì, kó agbo ẹran sọdá odò Rio Grande ní 1598, wọ́n tẹ San Antonio dó ní Texas ní 1718, California tẹ̀ lé e láti 1769. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń ya wọ Texas lẹ́yìn 1821, Mẹ́síkò ló ni ilẹ̀ náà. Kì í ṣe pé wọn ò mọ ẹran dà rárá o. Àwọn kan ti ń dà á bọ̀ láti Carolina ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ajá àti pàṣán. Pápá gbalasa Texas ló gba ọgbọ́n mìíràn, ọwọ́ vaquero ni ọgbọ́n náà sì wà.

Ẹ wo Richard King, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó ra ilẹ̀ Santa Gertrudis ní Texas ní 1853. Ní 1854, ọ̀dá mú abúlé Cruillas ní Tamaulipas, ní Mẹ́síkò. King lọ ra màlúù wọn, ó sì ní kí àwọn tó ni ín bá òun lọ síbi tí màlúù ń lọ: òun á fún wọn níṣẹ́ àti ilé. Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, wọ́n ṣí lọ. Los Kineños, ìyẹn àwọn èèyàn King, ni wọ́n ń pè wọ́n, àtọmọdọ́mọ wọn sì ṣiṣẹ́ ní oko ẹran King láti ìran dé ìran.

Ọdún 1867 ni ọjà màlúù ṣí ní Abilene, Kansas, létí rélùwéè, táwọn kọ́bọ́ì wá ń da agbo láti Texas lọ síbẹ̀. Funfun, dúdú àti ará Mẹ́síkò jọ wà nídìí ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí wọ́n ń san fún vaquero sábà máa ń kéré sí ti funfun. Lasso (okùn olójóbó), ranch (oko ẹran), rodeo (ìdíje àwọn kọ́bọ́ì), bronco (ẹṣin tí a kò tíì tù lójú): ẹnu àwọn vaquero ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wá.

Àwọn ará erékùṣù Hawaii pàápàá ti kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ vaquero ṣáájú Abilene. Nǹkan bí ọdún 1832 ni ọba Kamehameha Kẹta pe àwọn vaquero wá láti California kí wọ́n wá kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mú màlúù ẹhànnà látorí ẹṣin. Paniolo ni wọ́n ń pe àwọn darandaran náà níbẹ̀ títí dòní.