Bí Ìlà Funfun àti Iná Ṣe Dé Ojú Ọ̀nà Ìbalẹ̀ Ọkọ̀ Òfurufú

Tí ọyẹ́ bá mú gan-an ní Yàgbà àti Kábbà, òkè tó wà lẹ́yìn ìlú á sọnù lójú wa láti àárọ̀ dọ̀sán. Eruku yẹn, apá ilẹ̀ Chad ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e bọ̀. A ó máa gbọ́ ìró ọkọ̀ òfurufú tó ń ti Èkó lọ Àbújá lókè orí wa, a ò ní rí i. Awakọ̀ náà ò rí ilẹ̀. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà láti Ìsánlú lọ Ẹ̀gbẹ̀ lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí ojú á fi là. Ọkọ̀ òfurufú ò lè dúró. Ìlà àti iná ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ni awakọ̀ rẹ̀ fi ń mọ ibi tó máa bà lé.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀nà ìbalẹ̀ rárá. Pápá koríko ni. Awakọ̀ á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, á dojú kọ ọ́, á sì balẹ̀ níbi tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kọ́kọ́ balẹ̀ sí Nàìjíríà, ní Kano lọ́dún 1925, ọkọ̀ fúyẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń wúwo sí i ni táyà ń rì sínú ẹrẹ̀, ni wọ́n bá da kankéré àti ọ̀dà títì sílẹ̀. Ìṣòro tuntun yọjú: ọ̀nà tóóró kan ló kù tí ọkọ̀ lè bà lé. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ rí i lókèèrè, kó mọ àárín rẹ̀, kó sì mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìlà fi dé. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń kun tirẹ̀ bó ṣe wù ú, títí tí wọ́n fi ṣe àdéhùn àgbáyé nípa ọkọ̀ òfurufú ní Chicago ní December 1944. Lọ́dún 1951 ni òfin àgbáyé nípa pápákọ̀ òfurufú jáde.

Ẹ wo Ìlọrin, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wọkọ̀. Nọ́ńbà 05 àti 23 ló wà lórí ọ̀nà rẹ̀. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ọ̀nà karùn-ún o. Ibi tí kọ́ńpáàsì kọjú sí ni, nǹkan bí 50 dígírì. Wọ́n mú un sí mẹ́wàá tó sún mọ́ ọn jù, wọ́n yọ òdo ẹ̀yìn kúrò. Nọ́ńbà orí kejì ọ̀nà náà fi 18 ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí òdì kejì ló kọjú sí, ìyẹn 180 dígírì sí i.

Lẹ́nu ọ̀nà, ìlà funfun gígùn máa ń tò bí eyín òòyà. Tí ọ̀nà bá fẹ̀ ní mítà 45, ìlà 12 ni. Tó bá jẹ́ mítà 30, ìlà 8. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà 30. Iye wọn ló ń sọ bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, ó sì ṣe pàtàkì, torí ojú máa ń tan awakọ̀: ọ̀nà tóóró á jẹ́ kó rò pé òun ṣì wà lókè gan-an, á sì wọlẹ̀ jù kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀dà nìkan ò tó lóru. Lọ́dún 1930 ni pápákọ̀ Cleveland ní Amẹ́ríkà ti tan iná sí pápá rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jó bẹntiróòlù nínú páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ọ̀nà, kí ooru lè lé kùrukùru. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n epo tó ń jẹ kò ṣeé gbọ́ lẹ́tí. Ní ti èmi, iṣẹ́ Calvert, Gẹ̀ẹ́sì kan ní ilé ìwádìí ọkọ̀ òfurufú ní Farnborough, ló dára jù. Ó to iná sí ìlà kan tó wọ àárín ọ̀nà, ó wá fi ìlà iná mìíràn dábùú rẹ̀. Ìdí ni pé nínú kùrukùru, awakọ̀ kì í mọ̀ bóyá apá ọkọ̀ rẹ̀ kan ti tẹ̀. Ìlà ìdábùú yẹn ló ń sọ fún un.

Rédíò ìbalẹ̀ tó wọ́pọ̀ lè darí ọkọ̀ wá títí yóò fi ku nǹkan bí mítà 60 sílẹ̀. Ojú ló kù. Kò tó ogún ìṣẹ́jú àáyá kí táyà tó kanlẹ̀. Tí kò bá rí iná tàbí ìlà níbẹ̀, kó padà sókè ni. Ní December 10, 2005, ọkọ̀ kan tó gbéra láti Àbújá já ní Port Harcourt nínú òjò, èèyàn tó lé ní 100 sì kú. Ìwádìí ìjọba sọ pé àwọn awakọ̀ ò rí ojú ọ̀nà, síbẹ̀ wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ó sì sọ pé iná pápákọ̀ kò sí ní títàn.

Ìlà náà kì í pẹ́ bàjẹ́. Rọ́bà táyà máa ń yọ́ mọ́lẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti ń kanlẹ̀, á sì sọ funfun di dúdú. Omi alágbára ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó kùn ún. Ọ̀dà tí wọ́n bá kùn lé rọ́bà lórí á ṣí kúrò. Kí ọ̀dà tó gbẹ, wọ́n á wọ́n ìlẹ̀kẹ̀ dígí wẹ́wẹ́ sí i, kí iná ọkọ̀ lè tàn padà sójú awakọ̀. Tí omi òjò bá bo ìlẹ̀kẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, kì í dán mọ́. Tí ọyẹ́ bá sì dé, gíláàsì iná kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ nù, torí eruku tó bo ojú ọ̀run ń bo iná náà.