Ibi tí passive voice tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wa ti ṣẹ̀ wá

Ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì wo ni kò tíì kọ́ òfin passive voice, ìyẹn gbólóhùn tó ń fi ohun tí wọ́n ṣe nǹkan sí ṣíwájú, sórí? Gbé àbọ̀ wá síwájú, mú "is" tàbí "was" tẹ̀ lé e, fi past participle (irú "eaten") kún un, kí o wá fi "by" so ẹni tó ṣe é mọ́ ìdí gbólóhùn. "The goat ate the yam" á di "The yam was eaten by the goat." Bí a ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹni pé ọjọ́ kan ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbogbo rẹ̀. Rárá o. Díẹ̀díẹ̀ ló kóra jọ, ibi tó sì ń yọ àwọn ọmọ wa lẹ́nu jù ló dé kẹ́yìn.

Kí àwọn Norman tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, iṣẹ́ tí "be" ń dá ṣe lónìí, pínpín ni wọ́n ń pín in. "Wesan" àti "beon," tí "was" àti "be" ti wá, ń ṣe apá kan; "weorðan," tó túmọ̀ sí "dà," ń ṣe apá kejì. Nígbà tó yá, "weorðan" kú. Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan, ṣì ní tiwọn: "werden" ni wọ́n fi ń ṣe passive títí dòní.

"By" náà kò tètè rí àyè jókòó. "From" ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ rí, "of" sì ṣe é pẹ́. Nínú Bíbélì King James ti 1611, Máàkù 1:9 sọ pé Jésù "was baptized of John." Àwọn àgbà tó ti ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí Tommy Titcomb ti gbé iṣẹ́ ìyìn rere Sudan Interior Mission (SIM) dé ní 1908, mọ "of" yìí dáadáa. Bíbélì Yorùbá ní "a ti ọwọ́ Jòhánù" ṣe é, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, "wọ́n" ni tiwa. "Wọ́n ń pè ọ́," a kò sì dárúkọ ẹni tó ń pè. Ọmọ á gbé e bọ inú Gẹ̀ẹ́sì tààrà: "They are calling you." Ìmọ̀ ọ̀hún ti wà lórí ọmọ náà, ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e gbà ló ṣàjèjì sí i.

Ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́, tí William Bullokar tẹ̀ jáde ní 1586, Látìn ló wò kọ. Ní Látìn, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń yí padà: "amat," ó fẹ́ràn, "amatur," a fẹ́ràn rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ "passive" ti wá.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni "is being." Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó ń parí lọ, tí wọ́n bá ń tún ọ̀nà ṣe, "The road is repairing" ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ. Ní 1795, akéwì Robert Southey lo "is being" nínú lẹ́tà kan, níbi tó ti ń sọ nípa ẹni tí onígbàjámọ̀ ń fa eyín rẹ̀ tu. Àwọn onígírámà bínú sí "is being" yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1870 ní Amẹ́ríkà, Richard Grant White ya odidi orí kan sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ láti bá a jà. Nígbà tí wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, "The road is being repaired" kò tíì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Òun náà ló wá di ìṣòro nínú ìwé àwọn ọmọ wa: "The yam has being eaten." Lẹ́nu wa, "been" àti "being" fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má kọ́ wọn ní méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí "been" kọ́kọ́ mọ́ wọn lára pẹ̀lú has, have àti had, kí ẹ tó mú "being" wọlé pẹ̀lú is, are, was àti were.