Asọ̀rọ̀mágbèsì tó gbèsì: ìpilẹ̀ṣẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Àwọn bàbá wa ló sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọ́n rí àpótí Rediffusion tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí èèyàn lè yìn ín, kó bú u, kó bi í ní ìbéèrè, tí kò ní dá a lóhùn. Inú orúkọ yẹn gan-an ni mo ti rí ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Gbogbo wàhálà tí àwọn èèyàn ti ń ṣe láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kí ọmọ kékeré lè kàwé láìdé ilé ìwé, bí ẹ̀rọ yóò ṣe gbèsì ni. Ọmọ ogún ọdún lè gbọ́ ọ̀rọ̀ fún wákàtí kan kó sì lọ kà á fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà kọ́. Yóò béèrè, yóò ṣì í kọ, yóò sùn, pẹ́ńsù rẹ̀ yóò sọnù.

Lẹ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò. Ní 1906, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá ilé ìwé Calvert, Virgil Hillyer, bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀kọ́ ilé ìwé rẹ̀ lẹ́rù, ó ń tà á fún àwọn òbí tó fẹ́ kọ́ ọmọ wọn nílé, pẹ̀lú ìwé tó ń tọ́ ìyá sọ́nà lórí ohun tí yóò ṣe. Ní 1914, bàbá kan tó ń gbé inú igbó ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ pé ilé ìwé jìnnà sí àwọn ọmọ òun, kí ni kí òun ṣe? Wọ́n ní kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ máa kọ lẹ́sìnnì ránṣẹ́ sí wọn. Bí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ inú lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn, ó sì tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ yòókù.

Lẹ́tà máa ń gbèsì o, àmọ́ ó máa ń pẹ́. Ọmọ á ṣe ìṣirò lónìí, ìyá rẹ̀ á fi í sínú àpò ìwé, á sì máa retí ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà. Kí tíṣà tó fi gègé pupa sọ pé 7 àti 8 kì í ṣe 16, kí èsì tó padà dé ilé, ọmọ ti gbàgbé pé òun ṣe ìṣirò kankan. Ìyá tó jókòó tì í ló ti tún un ṣe tipẹ́. Ẹ fi ìyá yẹn sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀.

Rédíò ló yára, òun ni kì í sì í gbèsì. Àwọn ará Chicago tọ́ ọ wò ní 1937. Àrùn rọpárọsẹ̀ ń jà láàárín àwọn ọmọdé ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n sì sún ìwọlé síwájú. William Johnson, ọ̀gá àgbà ilé ìwé ìlú náà, kó ẹ̀kọ́ nǹkan bí ọmọ 315,000, láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ, sórí rédíò. Àwọn iléeṣẹ́ rédíò fún wọn láyè lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ìwé ìròyìn ń tẹ àkókò àti ìbéèrè ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jáde, lẹ́sìnnì kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Wọ́n ya tẹlifóònù sọ́tọ̀ fún òbí tí nǹkan kò bá yé, ìpè sì ya lù wọ́n débi pé wọ́n ní láti wá èèyàn kún àwọn tó ń gbé e. Kò tó oṣù kan tí ilé ìwé fi ṣí padà. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn òbí ń ráhùn lé lórí: rédíò ń hó, tíṣà ń yára jù, ilé míì ò ní rédíò rárá. Ẹni tó bá tọ́jú ọmọ ilé ìwé ní 2020 mọ orin yìí látòkèdélẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ ti gbèsì lóòótọ́ ni ìlú Alice Springs, ní àárín gbùngbùn Australia. Aṣálẹ̀ ni, àti pápá màlúù tó gbòòrò débi pé aládùúgbò ẹni lè wà ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí ẹni. Kì í ṣe nítorí ìwé ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé wáyàlẹ́ẹ̀sì débẹ̀. Nítorí ikú ni. John Flynn, àlùfáà kan, dá ẹgbẹ́ dókítà tó ń fi bàálù lọ bá aláìsàn sílẹ̀ ní 1928. Ṣùgbọ́n báwo ni aláìsàn yóò ṣe pe bàálù? Kò sí tẹlifóònù, kò sí iná. Alfred Traeger, ẹnjiníà ará Adelaide, ló yanjú rẹ̀ ní 1929: ó ṣe wáyàlẹ́ẹ̀sì tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́, tí ẹsẹ̀ náà sì ń mú iná jáde fún un. Jẹnẹrétọ̀ tí kò jẹ epo, tí kò bẹ NEPA. Ká ní àwa la ṣe é, á ti ní oríkì.

Èèyàn kì í ṣàìsàn ní gbogbo ìgbà, wáyàlẹ́ẹ̀sì sì máa ń wà láìníṣẹ́. Àwọn obìnrin inú oko màlúù gbà á. Wọ́n ní àkókò tí wọ́n jọ ń tàkúrọ̀sọ lórí ẹ̀rọ, ẹni gbogbo á máa gbọ́ ẹni gbogbo. Àwọn ará ibẹ̀ fi orúkọ galah sọ àkókò náà, ẹyẹ aláriwo kan tó jọ odídẹrẹ́. Orí àròyé àwọn obìnrin yìí ni ilé ẹ̀kọ́ náà ti jáde. Adelaide Miethke, obìnrin tó ti ṣe alábẹ̀wò ilé ìwé rí, tó sì wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn dókítà oníbàálù, lọ sí Alice Springs ní àwọn ọdún 1940. Ó rí àwọn ọmọ tó mọ màlúù ju ọmọ ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, ojú sì ń tì wọ́n láti bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó rò ó pé bí àwọn ìyá bá lè fi ẹ̀rọ yìí tàkúrọ̀sọ, kí ló dé tí àwọn ọmọ ò lè fi kàwé?

Wọ́n ṣí Ilé Ẹ̀kọ́ Orí Afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 1951, láti ibùdó àwọn dókítà oníbàálù. Níbẹ̀rẹ̀, tíṣà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi àkókò ìbéèrè àti ìdáhùn kún un, ibẹ̀ sì ni asọ̀rọ̀mágbèsì ti kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó wà ní igba kìlómítà á tẹ bọ́tìnnì, á pe orúkọ ara rẹ̀, á dáhùn, á sì sọ pé òun ti parí kí ẹlòmíì tó lè sọ̀rọ̀, torí pé ẹnu kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ yòókù ń gbọ́ ọ. Ọmọ tí kò rí ọmọ míì rí láti oṣù kan wá gbọ́ pé ẹnìkan wà níbòmíì tó ṣi ìṣirò yẹn bí òun náà ṣe ṣì í. Ní tèmi, èyí ju ìṣirò náà lọ.

Ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí ni lẹ́sìnnì orí afẹ́fẹ́. Wákàtí ilé ìwé tó kù ńkọ́? Lẹ́tà ṣì ni, tábìlì ìdáná ṣì ni, ìyá yẹn náà ni. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e á gba ọmọbìnrin kan láti ìlú wá máa gbé pẹ̀lú wọn, kó máa jókòó ti àwọn ọmọ. Títí dòní, ilé ẹ̀kọ́ Alice Springs kì í gba ọmọ láìsí àgbàlagbà kan nílé tí yóò máa darí rẹ̀. Ilẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ náà bò lé ní mílíọ̀nù kan kìlómítà níbùú lóòró. Nàìjíríà látòkè dé ìsàlẹ̀ kò tó o. Ọmọ inú rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún kan àti díẹ̀ lọ. Tíṣà ń rìn lọ kí wọn nílé, wọ́n sì máa ń kó gbogbo wọn jọ sí Alice Springs nígbà díẹ̀ lọ́dún, kí wọ́n lè fojú kan ohùn tí wọ́n ti mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni wọ́n gbé wáyàlẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ fún sátẹ́láìtì àti kọ̀ǹpútà.

Nílé wa náà, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn ní 31 oṣù kẹwàá 1959, ẹ̀kọ́ wà lára ìdí tí wọ́n ní àwọn fi dá a sílẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni, ó kàn fi àwòrán kún un ni.

Ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n báyìí, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ńlá, kì í sì í ṣe nítorí ìjìnnà. Midland ni ìlú náà ń jẹ́. Ilé iṣẹ́ irin tó ń bọ́ wọn kógbá sílé ní 1982, owó tán, ilé ìwé gíga wọn náà tì, àwọn ọmọ ń sọdá sí ìpínlẹ̀ Ohio lọ kàwé bí ẹni ń lọ wá iṣẹ́. Ní 2000, wọ́n ṣí ilé ìwé tí kò ní kíláàsì. Òfin ìpínlẹ̀ náà sọ pé owó ìjọba yóò tẹ̀ lé ọmọ lọ síbi tó bá ti ń kàwé, nítorí náà ọmọ ibikíbi ní Pennsylvania lè forúkọ sílẹ̀ ní Midland láì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rọ́ wá. Owó náà rọ́ wá. Ọ̀gá tó dá a sílẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀bi nílé ẹjọ́ ní 2016 lórí ọ̀rọ̀ owó orí, èyí tí kò ya ẹni tó bá mọ ìwà owó lẹ́nu.

Àwọn tó kọjú sí ọmọ kékeré gan-an ni ilé iṣẹ́ K12, tí Ron Packard dá sílẹ̀ ní 2000. Ọmọ jẹ́léósinmi títí dé kíláàsì kejì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Ọgbọ́n Hillyer ni wọ́n padà lọ mú: yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà, páálí ń dé sẹ́nu ọ̀nà, ìwé wà nínú rẹ̀, àti àwọn nǹkan tí ọmọ lè fi ọwọ́ dì mú. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ nìyí. Láàárọ̀, òbí á ṣí kọ̀ǹpútà, á wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Kíláàsì ojúkojú kò gùn, torí ojú ọmọ kì í lè dúró síbì kan pẹ́. Ọmọ á tẹ àmì ọwọ́ bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, tíṣà á ṣí máìkì fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á pa kọ̀ǹpútà tì, tí ìwé kíkà, ìkọ̀wé àti iṣẹ́ ọwọ́ á di ti òbí àtọmọ. Òbí ló ń sàmì sí i pé ọmọ wá sí ilé ìwé, òun ló ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ìdánwò ìjọba nìkan ni wọ́n ń jáde lọ ṣe, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà. K12 tilẹ̀ fún òbí náà ní orúkọ iṣẹ́: kóòṣì. Ìyá inú oko màlúù náà nìyẹn, wọ́n kàn fi oyè dá a lọ́lá ni, láìsí owó oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò dùn mọ́ àwọn tó ń tà á. Ní 2015, àwọn olùwádìí CREDO ní Yunifásítì Stanford fi àwọn ọmọ ilé ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwé tí a ń rìn lọ. Nínú ìwé kíkà, àwọn ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ohun tó tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ 72 gbẹ́yìn. Nínú ìṣirò, ọjọ́ 180 ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ 180 ni ọdún ìwé kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ti ń gbèsì wàyí o. Àmọ́ ta ló jókòó ti ọmọ? Ìyá oko màlúù kò ní ibi tó ń lọ. Ìyá Pennsylvania ní ọ́fíìsì.

Kọ̀rónà wá bi gbogbo ayé ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹta 2020, ilé ìwé wa tì. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ sáré padà sídìí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àwọn ilé ìwé aládàáni bọ́ sórí WhatsApp àti Zoom. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, UNICEF ní ó kéré tán ọmọ mílíọ̀nù 463 ni kò rí ẹ̀kọ́ kankan gbà láti ibi tí wọ́n wà, yálà lórí rédíò, tẹlifíṣọ̀n tàbí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ àbúrò mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìbàdàn nígbà náà. Ilé ìwé rẹ̀, tí mi ò ní dárúkọ, gba owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìgbà tí wọ́n ń lọ. Aago mẹ́sàn-án ni kíláàsì, dátà ti tán láago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 20. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tíṣà nínú fóònù: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. A ò gbọ́ ohùn Tómi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ máìkì mà.” Ìyá mi wo fóònù náà yí ká. “Àǹtí, èwo ló ń jẹ́ máìkì nínú gbogbo eléyìí?” Tómi ní tirẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ tábìlì.

Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí, ó sì wà ní London lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ilé ìwé gidi ló ń rìn lọ. Orí Zoom ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Yorùbá ní àràárọ̀ Sátidé, òun àti àwọn ọmọ mẹ́rin mìíràn tí wọn ò tíì pàdé rí. Tíṣà á ní kí ó pe ọ̀kọ̀, kó pe ọkọ́, kó pe ọkọ. Ó máa ń gbà wọ́n. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà níbi tí kámẹ́rà ò lè rí i, ó ń fi ọwọ́ sọ fún un ibi tí ohùn yóò ti gòkè.