Ta ni à ń pè ní bàbá ìsàlẹ̀?

Kí òṣèlú tó gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ wa lọ́wọ́, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ máa ń wá àgbà kan tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnu wọn kò tó. Bàbá ìsàlẹ̀ wọn nìyẹn. Ní báyìí, ẹni tó ń fi owó àti èrò gbé ẹlòmíràn dépò, tí òun fúnra rẹ̀ kò díje, là ń pè bẹ́ẹ̀.

Owó fọ́ọ̀mù nìkan ti tó láti lé mẹ̀kúnnù sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2022, mílíọ̀nù 50 náírà ni ẹgbẹ́ APC ta fọ́ọ̀mù gómìnà. PDP ta tiwọn ní mílíọ̀nù 21. 30,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù nígbà náà. Ẹni tó ń gbà á yóò tọ́jú ẹ̀ fún ọdún tó lé ní 138 kó tó lè ra ti APC, bí kò bá jẹun o. A ò tíì dórí àwọn dẹ́lígéètì tó ń dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́, pósítà àti "dìbò kó o sebẹ̀". Kí aráàlú tó tẹ̀ka, olówó ti ṣa àwọn tí wọ́n máa rí yàn.

Owó yẹn kì í ṣe sàráà. Bàbá ìsàlẹ̀ yóò fẹ́ yan kọmíṣọ́nnà, yóò fẹ́ kọngílá, yóò sì fojú sí owó ètò ààbò tí gómìnà kì í ṣírò fún ẹnikẹ́ni.

Ará Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń sọ. Olóyè Làmídì Adédibú, bàbá ìsàlẹ̀ tó máa ń fi àmàlà bọ́ èrò nílé rẹ̀ ní Mọ́lété, ló wà lẹ́yìn Olóyè Ràṣídì Ládọjà (tí wọ́n ti di Olúbàdàn báyìí) nígbà tí wọ́n wọlé gómìnà Ọ̀yọ́ ní 2003. Ìjà dé. Adédibú kò tiẹ̀ fi bò: ó ní gómìnà kò fún òun ní ìpín òun nínú owó ètò ààbò. Ní January 2006, aṣòfin 18 nínú 32 yọ Ládọjà nípò. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 18 kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, Ládọjà sì padà sórí àga ní December. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò 2007 dé, igbákejì wọn, Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà, tí Adédibú ń tì lẹ́yìn, ni PDP fà kalẹ̀. Òun ló sì wọlé.