Ìṣẹ́jú Méjì Tó Ń Ta Ìfẹ́: Bí Trailer Fíìmù Ṣe Ń Fa Òǹwòran

Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù ìfẹ́ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí wọ́n tó pa iná. Ọkùnrin yóò rí obìnrin, wọn yóò jà, wọn yóò sì parí ìjà. Àwọn tó ń gé trailer, ìyẹn àgékúrú tí wọ́n fi ń polówó fíìmù, mọ èyí dájú, wọn kì í sì í fi ìparí polówó ọjà. Nǹkan méjì ni wọ́n ń tà: bí ọkàn yóò ṣe máa lù kìkì kí ìparí tó dé, àti ohun tí kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè fẹ́ra. Ìmọ́lẹ̀ ni o, orin ni o, ibi tí wọ́n ti gé àwòrán ni o, nǹkan méjì yìí ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ fún.

Trailer túmọ̀ sí ohun tó ń tẹ̀lé nǹkan lẹ́yìn, bíi ti tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì gan-an. Ẹ̀yìn fíìmù ni wọ́n ń fi í sí ní Amẹ́ríkà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1913, Nils Granlund, tó ń bójú tó ìpolówó fún àwọn ilé sinimá Loew ní New York, ṣe ọ̀kan fún eré orí ìtàgé kan. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé èèyàn ti ń dìde lọ kí ó tó kàn án, ni wọ́n bá gbé e síwájú. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn onílé sinimá níbẹ̀ béèrè pé kó má ṣe ju ìṣẹ́jú 2 lọ, nítorí ìṣẹ́jú 2 àtààbọ̀ ló ti mọ́ wọn lára. Fún orí fóònù, wọ́n tún máa ń gé ti ìṣẹ́jú àáyá 60, 30 àti 15 láti ara rẹ̀.

Ní Hollywood, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tí trailer nìkan jẹ́ iṣẹ́ wọn ni wọ́n sábà máa ń gbé e fún. Ní Èkó, ẹni tó gé fíìmù náà ni wọ́n sábà máa ń ní kó gé trailer rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni nǹkan ti máa ń wọ́. Olóòtú yẹn ti bá ìtàn náà sùn, ó ti bá a jí, ó fẹ́ sọ ọ́ láti orí dé ìdí. Ohun tó dára ni kó kọ́kọ́ pa ohùn, kó wo fíìmù náà látòkè délẹ̀, kó máa ṣa àwọn ibi tí ara ti sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: ojú tó wo ojú, ọwọ́ tó kan ọwọ́, ẹni tó ti ilẹ̀kùn, ẹni tó wọ mọ́tò lọ láìwẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, kó yí ojú kúrò lára àwòrán, kó tẹ́tí nìkan, kó sì kọ gbólóhùn tó lè dá dúró sílẹ̀, èyí tí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣáájú rẹ̀ á gbọ́ tí á yé. Irú rẹ̀ kì í pọ̀ nínú fíìmù ìṣẹ́jú 100. Bó bá rí mẹ́wàá tó dán, ó ti rí ọjà.

Nínú gbogbo ohun tó ṣà jọ yìí, ìwòjú ló níye lórí jù. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ní Rọ́ṣíà, olùdarí fíìmù kan, Lev Kuleshov, mú àwòrán ojú òṣèré kan, Ivan Mosjoukine. Ó fi í ti àwo ọbẹ̀, ó fi í ti pósí, ó fi í ti obìnrin. Ojú kan náà ni, kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n àwọn tó wò ó ní àwọn rí ebi, àwọn rí ìbànújẹ́, àwọn rí ìfẹ́. Orí èyí ni trailer ìfẹ́ dúró lé. Ọmọbìnrin lè rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná, ọkùnrin lè máa wo ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Olóòtú á so méjèèjì pọ̀, ìfẹ́ á sì ṣẹlẹ̀ láàárín ẹni méjì tí kò sí nínú yàrá kan náà. Àmọ́ bí obìnrin bá ń wo apá ọ̀tún, ọkùnrin gbọ́dọ̀ máa wo apá òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ ń wo ẹlòmíràn. Ìmọ́lẹ̀ ojú wọn gbọ́dọ̀ jọra pẹ̀lú. Bí ti ọ̀kan bá jẹ́ ti ọ̀sán gangan, tí ti èkejì jẹ́ ti gílóòbù inú ilé, òǹwòran lè má mọ ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n kò ní gbà á gbọ́.

Iye àkókò ṣe pàtàkì. Fírémù, ìyẹn ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìwòjú bá gba fírémù 12, ó kàn jíṣẹ́ ni pé lágbájá wo tẹ̀mẹ̀dù. Kí ó tó wọni lára, ó ń fẹ́ bíi 36 sí 48, pàápàá bí ẹni náà bá ṣẹ́jú tàbí tó gbé itọ́ mì kí wọ́n tó gé e.

Irú àwòrán tí wọ́n máa ń yàn náà kì í ṣèèṣì. Lẹ́ǹsì mílímítà 85 tí wọ́n ṣí ojú rẹ̀ gbòòrò dé f/1.8 tàbí f/2 ni wọ́n sábà máa ń fi ya ojú olólùfẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn á di bàìbàì, iná mọ́tò orí afárá á di ìlẹ̀kẹ̀ róbótó-róbótó, àwọn méjèèjì á sì dà bí ẹni pé àwọn nìkan ló wà láyé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó wà lẹ́yìn orí wọn ló ń fún irun àti gèlè ní etí wúrà. Ní Èkó, oòrùn máa ń yára wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó dáa bẹ́ẹ̀ kì í sábà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdí nìyẹn tí olùdarí tó gbọ́n fi máa ń ya àwọn ibi tó mọ̀ pé trailer yóò bèèrè ní àkókò yẹn, tí yóò fi èyí tó kù sí ọ̀sán. Ọyẹ́ náà wúlò, eruku rẹ̀ ń mú kí ìtànṣán rọ̀. Níbi kíkun àwọ̀, ìyẹn títún àwọ̀ àwòrán ṣe lẹ́yìn yíyà, àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí ìbẹ̀rẹ̀ móoru, kí ìgbà ìjà tutù bí omi aró, kí ìparí tún móoru. Ẹni tó bá ki àṣejù bọ ọ̀sàn nínú àwọ̀ náà yóò rí i pé ara adúláwọ̀ ti pupa bí ẹni tó fi epo pupa para, aṣọ ẹbí tí wọ́n fi owó rà kò sì ní àwọ̀ mọ́.

Ìrìn tó falẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní slow motion, láti ìgbà yíyà ni wọ́n ti ń pète rẹ̀. Fírémù 48 ní ìṣẹ́jú àáyá, tí wọ́n bá fi 24 hàn án, á di ìlọ́po méjì ní gígùn, á sì dán. Èyí tí wọ́n fi 24 yà tí wọ́n wá fipá fà gùn á máa gbọ̀n, tàbí kó ní òjìji.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ibi tí trailer Yorùbá ti ní ìṣòro tirẹ̀. Àṣà ni kí ohùn dé kí ojú tó dé, kí gbólóhùn tó wà ní ìparí fíìmù bọ́ sórí àwòrán ìbẹ̀rẹ̀. Olóòtú tún máa ń gba ìlàjì gbólóhùn níbìkan, kó fi lẹ ìlàjì mìíràn. Ohùn Yorùbá máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn dé òpin. Bí wọ́n bá fi ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan lẹ ẹ̀yìn òpin òmíràn, ohùn á fò sókè lójijì, etí á sì mọ̀ pé oríkèé wà níbẹ̀. Bí ariwo ìlù bá bo ìparí ọ̀rọ̀ kan, “ọkọ” lè di “ọkọ̀,” obìnrin tó ń sunkún ọkọ á wá dà bí ẹni tí wọ́n jí mọ́tò rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn ìlàjì kìíní tí kò sì sí lẹ́yìn ìkejì náà máa ń tú àṣírí. Orin tí wọ́n bá gbà kọjá lórí ojú oríkèé náà ló ń bò ó.

Fún ẹni tó mọ èdè lò, àǹfààní wà níbẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí: ìyá ọkọ lè pa ìlàjì òwe, kí àwòrán ṣókùnkùn, kí òǹwòran fúnra rẹ̀ parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá kì í sì í fi ìfẹnukonu hàn, nítorí náà àmì ìfẹ́ wọn yàtọ̀. Bí ọkùnrin bá pe obìnrin ní Àdùkẹ́ tàbí Àjọkẹ́ ní ohùn ìsàlẹ̀, tí orin sì dákẹ́ fún un, iṣẹ́ tí ètè méjì ń ṣe nínú trailer òyìnbó ti parí.

Orin ló ń pín trailer. Gìtá tàbí dùùrù kan ṣoṣo ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ìlù á wọlé bí ìṣẹ́jú àáyá 30 bá ti lọ, á máa ga sókè títí ohun gbogbo yóò fi dákẹ́ lójijì fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni gbólóhùn tó wúwo jù máa ń bọ́ sí. Kí ẹni tó bá fẹ́ lo dùndún ṣọ́ra. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni. Bí wọ́n bá fi í sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, etí Yorùbá á sì máa gbọ́ méjèèjì. Ẹ̀tọ́ orí orin náà jẹ́ méjì: ti ẹni tó kọ orin, àti ti ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ẹni tó gba ọ̀kan tó gbàgbé èkejì lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí trailer jáde, kó rí i pé YouTube ti dí i, tàbí pé owó ìpolówó rẹ̀ ti ń lọ sápò ẹlòmíràn. Ó wà lára ohun tó mú kí wọ́n máa tún orin àtijọ́ kọ ní ìrọ̀rùn pẹ̀lú olórin tuntun: ẹ̀tọ́ ti ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló kù láti wá.

Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà ni àwòrán máa ń yára tẹ̀lé ara wọn, fírémù 10 sí 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: òjò, ẹkún, ijó ìgbéyàwó, pápákọ̀ òfuurufú. Ó parí sórí ojú méjì tó sún mọ́ ara wọn. Wọ́n á gé e kí ètè tó kan ètè. Àkọlé á jáde, àwàdà kékeré kan á tẹ̀lé e kí èèyàn lè rẹ́rìn-ín jáde, lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tí fíìmù máa bẹ̀rẹ̀.

Fóònù kò bá olólùfẹ́ méjì rẹ́. Àwòrán fífẹ̀ ti sinimá gba àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá gé e sí 9:16, ìyẹn àwòrán òòró bíi ti fóònù, ẹnì kan ló ń kù. Àwọn kan ń fi ojú ọ̀kan sókè, ti èkejì sísàlẹ̀, ó sì máa ń dáa ju kí àwòrán máa sá sọ́tùn-ún sósì lọ. Kí àkọsílẹ̀ ìtumọ̀ má ṣe wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí àwọn bọ́tìnnì Instagram á bò ó. Kí ó má sì ṣe sọ àwàdà kí òṣèré tó la ẹnu.

Ewu kan tó kù ni fífi ohun tí kò sí nínú fíìmù sínú trailer. Ó wọ́pọ̀, torí pé trailer máa ń ṣáájú ìgé ìkẹyìn. Wọ́n yọ òṣèrébìnrin Ana de Armas kúrò nínú fíìmù Yesterday ti 2019, ṣùgbọ́n ó wà nínú trailer. Àwọn méjì tó yá fíìmù náà wò ní Amẹ́ríkà pẹjọ́, ní Oṣù Kejìlá 2022 sì ni adájọ́ kan ní Kalifóníà sọ pé ìpolówó ọjà ni trailer, òfin tó de ìpolówó èké lè mú un.

Kí wọ́n tó gbé e jáde, kí wọ́n fi han ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa fíìmù náà, lẹ́ẹ̀kan láìsí ohùn, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ohùn. Kí wọ́n bi í léèrè ohun tí kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì fẹ́ra. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, apá àárín kò tíì ṣiṣẹ́. Bó bá mọ̀ ọ́n, tó tún sọ bí wọ́n ṣe borí rẹ̀, gígé ṣì kù.